Obìnrin Tí Kò Jẹ Gbèsè Ààwẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé tọkọtaya ti ẹ̀ka wa ní Itele, Ọ̀tà

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Ọba Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Un, Ẹni tí Ó dá ènìyàn láti inú omi tí kò tó nǹkan, tí Ó sì fi ohun tí ojú kò rí ṣe alákòóso ohun tí ojú ń rí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn Sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tọ ipa wọn títí di ọjọ́ àjíǹde.



Àwọn alákòóso ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àìrọ́mọbí. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò; bí a bá ní kí a sọ ọ́ tán, ìrun àsárì yóò bá wa níbí, ti màgàríbà yóò sì tún bá wa. Nítorí náà, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mú nínú rẹ̀, èyí tí a kì í sábà gbọ́ lórí mínbárì wa: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ̀ bóyá kókó kékeré kan tí ó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ ṣì ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú.

Bí Ramadan bá parí, ẹ̀yin ìyá wa mọ bí ẹ ti máa ń ka ọjọ́ tí ẹ jẹ. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ gba ọjọ́ márùn-ún yóò san márùn-ún padà, ẹni tí tirẹ̀ gba méje yóò san méje, kí Ramadan mìíràn tó wọlé dé. Arábìnrin kan wà tí mo mọ̀ dáadáa. Kì í ṣe ọmọ ẹ̀ka yìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ó fi gba ààwẹ̀ láìjẹ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù tí kì í kírun. Níbi àṣàlátù, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ rere, wọ́n a ní Ọlọ́hun ló fẹ́ràn rẹ̀ tí Ó fi sọ ọ́ di ẹni tí kì í jẹ gbèsè ààwẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó jókòó rò ó pé obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí kò lóyún, tí kò fún ọmọ lọ́mú, kò yẹ kí ó lè gba ọgbọ̀n ọjọ́ pé pérépéré lọ́dọọdún. Ohun tí a ń yìn ín fún, àìsàn ni.

Ẹ gbọ́ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé agbẹ̀bí kan ni ó bí ọmọ rẹ̀ kejì sí. Ọmọ wálẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ibi ọmọ pẹ́ kí ó tó bọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ya lára rẹ̀ títí ó fi dákú. Wọ́n da omi sí i lórí, wọ́n fún un ní àgbo, ó jí, gbogbo ilé sì ṣe ọpẹ́. Láti ọjọ́ náà, omi kò wá sí ọmú rẹ̀. Ògì àti mílíìkì inú agolo ni wọ́n fi tọ́ ọmọ náà. Nǹkan oṣù rẹ̀ kò padà wá. Ó ń rẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀. Nínú ooru oṣù kẹta, nígbà tí gbogbo wa ń wá abẹ̀bẹ̀, aṣọ òtútù ni ó ń wọ̀. Irun abíyá àti irun abẹ́ rẹ̀ re dànù, wọn kò sì hù mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ sunna dáadáa mọ̀ pé Ànọ́bì wa kò fẹ́ kí a fi irun wọ̀nyí sílẹ̀ kọjá ogójì ọjọ́. Obìnrin tí ogójì ọjọ́ bá ń pé lé ogójì ọjọ́, tí kò sì rí ohun tí yóò fá, kí ó má ṣe rò pé iṣẹ́ ni ó dín kù fún òun. Kí ó lọ sọ fún dókítà.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní àjẹ́ ni ó gbé ilé ọmọ rẹ̀ pamọ́. Wọ́n kọ hàntú fún un mu, wọ́n so tírà mọ́ ọn nídìí. Ẹ mọ ìdúró ẹgbẹ́ wa lórí èyí, n kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ibi tí ó dùn mí jù ni èyí tí ó kàn. Ní ọdún kẹta àìsàn náà, ọkọ rẹ̀ mú un wá sí ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé kókó ọ̀fun, èyí tí ó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀, lè fa òtútù àti àárẹ̀ bẹ́ẹ̀. Owó tí wọ́n ní kò ju ti àyẹ̀wò kan lọ. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gba ẹ̀jẹ̀ náà, èmi ni mo sì kọ èsì rẹ̀: TSH, ó wà ní déédéé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ. Irọ́ kọ́ ni mo kọ. Iye tí ẹ̀rọ fi hàn ni mo kọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá gbọ́ ohun tí TSH jẹ́, ẹ óò mọ ìdí tí èsì náà fi ṣi gbogbo wa lọ́nà fún ọdún mẹ́ta sí i.

Kókó kan wà lẹ́yìn ihò imú lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀ ọpọlọ, nínú ihò kékeré kan tí Ọlọ́hun gbẹ́ sínú egungun orí fún un. Kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Pituitary ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Èmi yóò máa pè é ní kókó abẹ́ ọpọlọ. Họ́mónù ni ó ń rán jáde. Họ́mónù ni ìránṣẹ́ tí ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ láti ẹ̀yà ara kan sí òmíràn. Kókó yìí ń rán ọ̀kan sí kókó ọ̀fun, èyí ni TSH. Ó ń rán ọ̀kan sí kókó orí kíndìnrín kí ó lè ṣe cortisol, èyí tí ń fún ènìyàn lágbára láti kojú ebi, ibà àti wàhálà. Ó ń rán méjì, LH àti FSH, sí ilé ẹyin obìnrin àti sí kórópọ̀n ọkùnrin. Prolactin rẹ̀ ni ó sì ń mú omi wá sí ọmú. Òun fúnra rẹ̀ kì í dá pàṣẹ. Apá ọpọlọ tí ó wà lókè rẹ̀ ni ó ń sọ fún un ìgbà tí yóò rán àti ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró.

Nígbà oyún, kókó yìí a máa tóbi sí i, nítorí ìpalẹ̀mọ́ omi ọmú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ kì í pọ̀ sí i tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ya púpọ̀ lásìkò ìbímọ, tí ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, kókó náà ni ebi ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ ń pa. Ó lè kú ní wákàtí díẹ̀, kí ìyá ọmọ sì yè. Harold Sheehan, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣàlàyé èyí fún ayé ní ọdún 1937, láti inú òkú àwọn obìnrin tí ó kú lẹ́yìn ìbímọ, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe àìsàn náà títí di òní. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó, ó ti ṣọ̀wọ́n, nítorí pé wọ́n tètè ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n sì tètè ń fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára. Níhìn-ín ńkọ́? Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn Nàìjíríà mẹ́ta, Famuyiwa, Bella àti Akanji, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi ìbéèrè ṣe àkọlé rẹ̀: ṣé àìsàn Sheehan ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà ni, àbí a kò mọ̀ ọ́n ni? Èmi tí mo kọ “ó wà ní déédéé” sórí ìwé arábìnrin yẹn, mo mọ ìdáhùn tí ó wà lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí àyẹ̀wò náà gan-an. Títí di bí ọdún 1960, kò sí ẹni tí ó lè wọn ọ̀pọ̀lọpọ̀ họ́mónù nínú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé wọ́n kéré jọjọ. Obìnrin kan ní Amẹ́ríkà, Rosalyn Yalow, pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀ Solomon Berson, ni ó wá ọ̀nà tí a fi ń wọ̀n wọ́n. Ní ọdún 1977, wọ́n fún Yalow ní ẹ̀bùn Nobel. Àwọn méjì tí ó bá a pín in, Roger Guillemin àti Andrew Schally, ni ó ṣàwárí họ́mónù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún kókó náà. Iṣẹ́ àwọn mẹ́ta yìí ni ó wà nínú gbogbo àyẹ̀wò tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Sàngó-Ọ̀tà, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ dé ibi iṣẹ́ ní àárọ̀, ẹ bá ẹ̀rọ kan tí ó dákẹ́. Ṣé mọ́tò rẹ̀ ló jó ni, àbí iná ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ẹni tí ó bá dúró tí ó ń wo ẹ̀rọ náà lójú kò lè mọ̀. Oníná tí ó gbọ́n yóò fa wáyà iná láti ibòmíràn wá, yóò tì í bọ ẹ̀rọ náà. Bí ó bá yí, ẹ̀rọ yè, a ó lọ wá ibi tí iná ti já. Bí kò bá yí, a jẹ́ pé mọ́tò ni.

Ohun tí àyẹ̀wò ìtají ń ṣe nìyẹn. A kò kàn ní wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí a lọ. A ó kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ kí a mọ ibi tí nǹkan wà. A ó gún abẹ́rẹ́ tí yóò pàṣẹ fún kókó náà. A ó sì tún máa gba ẹ̀jẹ̀ ní àsìkò tí a ti dá, kí a rí i bóyá ó dáhùn.

Fún ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, họ́mónù tí ọpọlọ fi ń pàṣẹ, GnRH, ni a ń gún, ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù kan, sínú iṣan. A ó gba ẹ̀jẹ̀ ṣáájú rẹ̀, a ó sì tún gbà á ní ìṣẹ́jú 30 àti 60, láti wọn LH àti FSH. Bí wọ́n bá gòkè, kókó abẹ́ ọpọlọ kò tíì kú. Ó lè jẹ́ pé ìyà, àìjẹun dáadáa tàbí àìsàn mìíràn ni kò jẹ́ kí ọpọlọ pàṣẹ. Bí wọn kò bá gòkè, ó ṣeé ṣe kí kókó náà ti kú. Mo ní ó ṣeé ṣe, nítorí pé èyí tí ó ti sùn fún ọdún púpọ̀ lè má jí ní ìpè àkọ́kọ́. Nítorí irú iyèméjì báyìí ni ọ̀pọ̀ dókítà kò fi fi bẹ́ẹ̀ lo àyẹ̀wò yìí fún àgbàlagbà mọ́. Bí obìnrin kò bá rí nǹkan oṣù, tí họ́mónù ilé ẹyin rẹ̀ kò tó, tí LH àti FSH rẹ̀ sì wà nílẹ̀, èyí nìkan ti tó ẹ̀rí pé òkè ni ọ̀ràn wà. Bí FSH bá sì ti ga fíofío fúnra rẹ̀, ilé ẹyin ni kò dáhùn, kò sí ohun tí a fẹ́ tají mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ẹni ta ẹrù ọjà.

Èyí tí kò ṣeé fi ṣeré ni ti cortisol. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ni cortisol máa ń ga jù, àsìkò náà ni a sì ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, a lè gún Synacthen, ìdámẹ́rin mílígíráàmù, kí a wo bóyá kókó orí kíndìnrín yóò dáhùn ní ìṣẹ́jú 30 àti 60. Bí kókó abẹ́ ọpọlọ bá ti kú fún ọ̀pọ̀ oṣù, ti orí kíndìnrín yóò ti gbẹ, kò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ìjàǹbá náà kò bá tíì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, ó ṣì lè dáhùn kí ó sì tan dókítà jẹ. Àyẹ̀wò mìíràn wà tí a fi ń gún insulin títí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yóò fi wálẹ̀ sí 40 tàbí kí ó kéré sí i, nígbà tí òógùn yóò máa bo ènìyàn, tí ara rẹ̀ yóò máa gbọ̀n. Ìbẹ̀rù yìí ni ó yẹ kí kókó náà dáhùn sí. Ẹni tí ó ní wárápá tàbí àìsàn ọkàn kò gbọdọ̀ ṣe é. Dókítà gbọ́dọ̀ jókòó tì aláìsàn fún bí wákàtí méjì, kí omi ṣúgà sì wà lọ́wọ́. Bí ẹ bá dé ibì kan tí wọ́n fẹ́ gún yín ní insulin fún àyẹ̀wò, tí ẹ kò rí dókítà, ẹ dìde kí ẹ máa lọ sílé.

Ṣé ẹ ti wá rí àṣìṣe mi? TSH ni àṣẹ tí kókó abẹ́ ọpọlọ ń rán sí kókó ọ̀fun. Nínú àìsàn Sheehan, TSH lè wà ní déédéé lójú ẹ̀rọ, nígbà tí kò ní agbára iṣẹ́ kankan nínú ara. Họ́mónù kókó ọ̀fun fúnra rẹ̀, T4, ni ó yẹ kí n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi kún un. N kò bi obìnrin náà ìgbà tí ó rí nǹkan oṣù rẹ̀ kẹ́yìn. N kò bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ya nígbà tí ó bímọ. Ìwé ni mo wò, n kò wo ènìyàn.

Àwọn ohun kan wà tí ń ba àyẹ̀wò yìí jẹ́, wọ́n sì pọ̀ ní àárín wa. Àkọ́kọ́ ni ìpara abóra tí ó ní clobetasol nínú, àti dexamethasone tàbí prednisolone tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè sanra, tàbí tí àwọn kan ń pò mọ́ àgbo fún ẹ̀yìn ríro. Irú oògùn wọ̀nyí ní agbára cortisol. Bí ó bá pẹ́ lára, kókó abẹ́ ọpọlọ a rò pé iṣẹ́ ti tán, a sì sùn. Ẹ má ṣe tìjú láti sọ ọ́ fún dókítà, ẹ má sì dá a dúró lójijì fúnra yín, nítorí ewu wà níbẹ̀. Ẹ̀kejì ni biotin, fítámì tí àwọn obìnrin ń lò fún irun àti èékánná. Ní ọdún 2017, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé ó lè sọ èsì àyẹ̀wò họ́mónù di irọ́. Ẹni tí irun rẹ̀ ń re nítorí àìsàn yìí gan-an ni ó sì máa ń sáré lọ rà á! Ẹ̀kẹta ni ti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ṣíìfù. Ara ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lóru fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kì í mọ aago mẹ́jọ àárọ̀ mọ́; ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó gbowó sílẹ̀. Ti prolactin, ìjáyà lásán lè gbé e ga, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn èébì àti oògùn ọpọlọ kan.

Ìbéèrè ẹ̀sìn pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n bi mí bóyá ẹ̀jẹ̀ tí a gbà fún àyẹ̀wò ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù ní ìpàdé wọn ní Jeddah ní ọdún 1997 sọ pé ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò àti abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe oúnjẹ kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ti insulin kò ṣeé ṣe pẹ̀lú ààwẹ̀, nítorí ẹ gbọ́dọ̀ jẹun lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi í sí oṣù mìíràn, bí kò bá sì lè dúró, aláìsàn ni yín, Ọlọ́hun ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún aláìsàn nínú Sūratul Baqarah. Arákùnrin kan tún ka ìwé kan pé ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ ni Schally lò. Òótọ́ ni, ti àgùntàn ni Guillemin sì lò. Ṣùgbọ́n GnRH àti Synacthen tí ó wà ní ilé oògùn lónìí, láàbù ni a ti ń ṣe wọ́n, kò sí ti ẹran kankan nínú wọn. Ti abẹ́rẹ́ tí ń jí ilé ẹyin, inú ìtọ̀ àwọn obìnrin tí ó ti dáwọ́ nǹkan oṣù dúró ni a ti ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀, irú rẹ̀ ṣì wà. Èyí tí a ṣe ní láàbù ti wà láti ọdún 1995. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, kí ó béèrè èyí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ta ẹrù ilé nítorí àyẹ̀wò họ́mónù, ẹ fetí sí mi. Ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó jáde ní ọdún 1985 fi hàn pé ní Áfíríkà, àrùn tí ó dí ọ̀nà ẹyin ni ó pọ̀ jù lára àwọn obìnrin tí kò rọ́mọ bí, ó pọ̀ ju ti ilẹ̀ mìíràn lọ. Àyẹ̀wò kókó abẹ́ ọpọlọ kò lè la ọ̀nà tí ó dí. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, ọkọ ni ó ní àìsàn náà, tàbí kí àwọn méjèèjì ní in. Àyẹ̀wò àtọ̀ ni ó rọrùn jù nínú gbogbo wọn, kò sì gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Síbẹ̀ òun ni a máa ń ṣe kẹ́yìn. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ tẹ́tí: ẹni tí ó rán ìyàwó rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, tí òun kò tíì gbé àtọ̀ tirẹ̀ lọ, kò ṣe déédéé. Ẹ lè gbà á pẹ̀lú ìyàwó yín nínú ilé, nínú rọ́bà tí kò ní oògùn nínú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ láàbù. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá déédéé lóṣooṣù kò sábà ní àìsàn kókó abẹ́ ọpọlọ. Ẹni tí tirẹ̀ ti dúró, pàápàá lẹ́yìn ìbímọ tí ẹ̀jẹ̀ ti ya, ni ọ̀rọ̀ mi bá wí.

Arábìnrin tí mo ń wí ṣubú ní ọjọ́ kẹrin Ramadan ọdún kẹfà, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni. Ní ilé ìwòsàn kejì, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já, ìfúnpá rẹ̀ ti já, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan, obìnrin, béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ pé nígbà wo ni ó rí nǹkan oṣù kẹ́yìn. Kí èsì láàbù tó dé ni ó ti gún un ní hydrocortisone, òun ni ó sì gbà á là. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀: bí ti cortisol àti ti ọ̀fun bá bàjẹ́ pa pọ̀, ti cortisol ni a ń kọ́kọ́ tọ́jú. Bí a bá kọ́kọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn kókó ọ̀fun, ara yóò jó ìwọ̀nba cortisol tí ó ṣẹ́kù tán, ó sì lè kú. Èyí ni ìdí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ra oògùn ọ̀fun nítorí ìwé àyẹ̀wò kan ṣoṣo tí ẹ mú láti láàbù ẹ̀bá títì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe àwọn àyẹ̀wò tí mo ti kà sílẹ̀. Cortisol kò dáhùn, T4 wà nílẹ̀, LH àti FSH wà nílẹ̀. Oògùn hydrocortisone kọ́kọ́ wọlé, ti ọ̀fun tẹ̀lé e, oògùn tí ń mú nǹkan oṣù padà tẹ̀lé e. Dókítà sọ fún tọkọtaya náà pé bí wọ́n bá fẹ́ ọmọ sí i, abẹ́rẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ LH àti FSH wà, ó sì ti ṣiṣẹ́ fún àwọn mìíràn tí ó ní àìsàn yìí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga. Ọkọ rẹ̀ ronú, ó ní àwọn méjì tó. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ nígbà tí àwọn ará ilé rẹ̀ tún dá ti orogún sílẹ̀, èmi wà níbẹ̀: ó ní bí òun bá fẹ́ obìnrin mìíràn, kò ní jẹ́ nítorí pé ìyàwó òun fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ fún òun.

Fún àwọn tí wọ́n ń fẹ́ ọmọ, ẹ ti gbọ́ ti ọmọ tí a fi àtọ̀ àti ẹyin pọ̀ ní láàbù. Àwọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Osato Giwa-Osagie àti Oladapo Ashiru ni ó ṣe àkọ́kọ́ rẹ̀ ní LUTH, ọmọ náà sì dé ayé ní ọdún 1989. Ìgbìmọ̀ onímọ̀ òfin tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ti jókòó lórí rẹ̀ ní Amman ní ọdún 1986: bí ó bá jẹ́ àtọ̀ ọkọ àti ẹyin ìyàwó, tí a dá a padà sínú ilé ọmọ ìyàwó náà, nígbà tí yìgì ṣì wà láàrin wọn, ó tọ́, bí ẹni kẹta bá wọ̀ ọ́, ìbáà ṣe àtọ̀, ẹyin tàbí ilé ọmọ, kò tọ́. Ẹni tí kò bá sì rí ọmọ pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kí ó ka ẹ̀yìn Sūratu Shūrā, ibi tí Ọlọ́hun ti ka àwọn tí a kò fún lọ́mọ mọ́ àwọn tí a fún, gẹ́gẹ́ bí ìpín láti ọ̀dọ̀ Rẹ̀, láìdá ẹnì kankan lẹ́bi.

Ìyókù jẹ́ ti ẹ̀yin tí ẹ lóyún lọ́wọ́. Ẹ má bímọ síbi tí kò sí abẹ́rẹ́ oxytocin tí a ń gún ní kété tí ọmọ bá wálẹ̀ kí ilé ọmọ lè kì. Kí ọkọ mọ̀ ní oṣù keje ẹni tí ó ní mọ́tò ládùúgbò, nítorí ẹ̀jẹ̀ lè ya lóru, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ti rí láti Itele dé Ayọ̀bọ̀ nígbà òjò. Bí ẹnì kan bá sì ti ní àwọn àmì tí mo kà, kí ó kọ́kọ́ lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ọ̀tà, kí ó ní kí ó kọ ìwé fún òun lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn họ́mónù ní ilé ìwòsàn ńlá, irú LASUTH ní Ìkẹjà, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí OOUTH ní Ṣàgámù. Kí ó béèrè iye owó àti ọjọ́ kí ó tó lọ, nítorí pé abẹ́rẹ́ ìtají kì í sí nílẹ̀ nígbà gbogbo.

Arábìnrin náà ń bẹ láyé, ó ń ta aṣọ lọ́jà. Ó ń mu oògùn rẹ̀ ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán. Bí ibà bá mú un, a sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ó bá ń bì, ilé ìwòsàn ni ó ń lọ tààrà fún abẹ́rẹ́. Dókítà rẹ̀ kò gbà kí ó gbààwẹ̀ mọ́. Ní Ramadan, ó ń bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n ọjọ́ pé pérépéré, àwọn obìnrin àṣàlátù tí ń yìn ín tẹ́lẹ̀ ni ó sì ń bá a gbé abọ́ oúnjẹ.

Mo ti fi àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ kò bá fẹ́ béèrè ní gbangba, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ fi rán adarí àwọn obìnrin sí mi.